Rosalind Pacanowski àti Òfin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Rosalind Pacanowski, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó ń pín àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé sójú ọ̀nà ní gáráàjì wa ní ìlà-oòrùn ìlú Erie, gba lẹ́tà kan ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìsinmi ìrántí àwọn ológun. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ló kọ ọ́. Wọn kò tíì gbà á, wọn kò sì lé e. Wọ́n ní àyè kan ṣoṣo ló kù, àwọn yóò sì fi í dè é títí oṣù kẹfà yóò fi parí. Bí ó bá tún ìdánwò ìwọlé ṣe nínú oṣù náà tó sì gba 155 nínú 180, àyè náà di tirẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún.

Nínú oṣù kejì, 151 ló gbà, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ti oṣù kẹfà kí lẹ́tà náà tó dé.

Ẹni tí kò mọ ìdánwò yìí lè rò pé òfin ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Kò sí òfin kankan nínú rẹ̀. Àkàyé wà níbẹ̀, àròyé tí èèyàn máa tú wà níbẹ̀, ohun kan tí gbogbo ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún un ń pè ní eré náà sì wà níbẹ̀. Eré yìí kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Èèyàn méje fẹ́ jókòó sórí àga méje. Ẹni yìí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹni yẹn. Bí tọ̀hún bá wà níwájú, tibí gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Ta ló lè wà lórí àga kẹrin? Eré mẹ́rin ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, ìbéèrè mẹ́tàlélógún, ìṣẹ́jú márùndínlógójì péré.

Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà sì ti kéde pé oṣù kẹfà yìí ni eré máa wà nínú rẹ̀ kẹ́yìn. Láti oṣù kẹjọ, wọn yóò yọ ọ́ kúrò. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún Rosalind, ilẹ̀kùn tó ń tì ni. Ní ti àkàyé àti àròyé, ohun tó ń gbà kò yí padà láti ọdún tó kọjá. Inú eré nìkan ló ti rí àyè tí máàkì rẹ̀ lè gbà gòkè, nítorí nínú oṣù kejì, ìbéèrè méje ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ya gbogbo wa lẹ́nu. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe láràárọ̀ kò yàtọ̀ sí eré ọ̀hún. Kí aago mẹ́fà tó lù, ó ti to awakọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sórí pátákó: ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹni tó bá ọ̀gá ilé-ìwé kan jà kò gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́, tọkọtaya tó kọ ara wọn sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pàdé ní ẹnu géètì. Ó ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́wàá kó tó jókòó sídìí rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ òfin ti wọ̀ ọ́ lára, lọ́jọ́ tí wọ́n pe awakọ̀ kan lẹ́jọ́ tí lọ́yà ẹgbẹ́ dé láti Pittsburgh pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí kò tíì ṣí wò. Rosalind ló ń fọwọ́ tọ́ka sí ojú ìwé fún un lábẹ́ tábìlì. Awakọ̀ náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń jáde, lọ́yà náà bi í léèrè ilé-ẹ̀kọ́ òfin tó ti jáde.

Láàárín aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí ọ̀sán, gáráàjì máa ń dákẹ́. Àkókò yẹn ni Rosalind ń lò. Ẹni tó ń bá a ka aago ni Vernell Tibbs, awakọ̀ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó ti fìgbà kan kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní eré sísá. Aago tó fi ń ka eré sísá nígbà náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, okùn rẹ̀ ti ṣá. Yóò jókòó sí ìkángun tábìlì pẹ̀lú kọfí rẹ̀, yóò ní "Ó yá," yóò sì tẹ aago. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

"Roz, ta ló wà lórí àga kẹrin?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ibẹ̀ ò lè gba ìdí rẹ."

Kì í gbójú sókè tó bá ń dá wọn lóhùn.

Ọ̀nà tó ń gbà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bírò aláwọ̀ búlúù ló fi ń dáhùn nígbà tí aago ń sáré. Bí aago bá ti dúró, kò ní ṣí ìdáhùn wò. Yóò mú bírò pupa, yóò tún gbogbo ìbéèrè náà ṣe láìsí aago, yóò sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tó pa rẹ́ lára márùn-ún tí ìwé tò sábẹ́ ìbéèrè: ìdí tó fi pa á rẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń wo ohun tí ìwé sọ. Bí búlúù bá kùnà tí pupa sì gbà, ìkánjú ló fà á, ìkánjú sì ní oògùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìgbà tí búlúù àti pupa bá fẹnu kò, tí àwọn méjèèjì sì kùnà. Ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra láti oṣù kẹta.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ìsinmi náà, nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Eré àwọn dókítà ló ń ṣe. Ilé-ìwòsàn kan ní dókítà márùn-ún: F, G, H, J àti K. Dókítà kan ló ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. J ló ni Ọjọ́ Ajé. G kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Bí H bá máa ṣiṣẹ́ rárá, Ọjọ́rú nìkan ni. Ìbéèrè mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó parí kí aago tó pè é. Ó fi bírò pupa tún un ṣe, ohun kan náà ló rí. Nígbà tó ṣí ìdáhùn, mẹ́rin nínú mẹ́fà ti lọ.

Ó gbé bírò kalẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí ìwé bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ.

"Mẹ́lòó?" Tibbs béèrè.

"Mẹ́rin. Bí mo bá ṣe báyìí lọ́jọ́ náà, kí n kúkú máa lọ sílé."

"Gbé e wá kí n rí i."

"Ọgbẹ́ni Tibbs, ẹ ò tíì ṣe irú eré yìí rí."

"Mi ò sáré kan rí náà nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Gbé e wá."

Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀. Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ka eré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìka lé ìdáhùn kẹrin ìbéèrè kejì, èyí tó ní G ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

"Èyí. Kí ló ṣe tí o fi pa á rẹ́?"

"Torí pé G ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀."

"Ta ló ní kò gbọ́dọ̀?"

"Dókítà márùn-ún ni, ọjọ́ márùn-ún ni."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Ta ló ní kò gbọ́dọ̀?"

Rosalind na ọwọ́ láti fi hàn án. Ìka rẹ̀ sáré lórí ìlà àkọ́kọ́, ó sáré lórí ìkejì, ó rọra lọ lórí ìkẹta.

Tibbs yọ gíláàsì. "Wọ́n ní G ò gbọ́dọ̀ ṣe ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Tí kò bá sẹ́ni tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ni wọ́n wá ń kìlọ̀ fún G fún? Wọ́n tún ní bí H bá máa ṣiṣẹ́ rárá. Ìyẹn ni pé H lè jókòó sílé. Ìwọ lo fún un níṣẹ́, Roz. Ìwé ò fún un."

Rosalind lọ gbé ìwé àjákọ mẹ́rin tó ti kún láti oṣù kejì, ó tú wọn sórí tábìlì, ó ń wá àwọn ibi tí búlúù àti pupa ti jọ kùnà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó mọ̀. Mọ́kàndínlógún ló rí. Nínú mẹ́rìnlá lára wọn, àṣìṣe kan náà ni: gbogbo ẹni tí eré bá dárúkọ, ó máa fún un níṣẹ́ kan, kò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní méjì. Ìlànà gáráàjì ló ń kó wọ inú ìwé àwọn ẹlòmíì.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìlànà náà ní gáráàjì. Casimir Pacanowski, baba rẹ̀, ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń rọ irin nígbà tí iṣẹ́ ń tán lọ. Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì níbẹ̀. Òun ni wọ́n á ní kò síṣẹ́ fún lọ́jọ́ náà, a sì padà dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, a gbé àpótí oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì láìtíì ṣí i, a ní kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Nígbà tí Rosalind bọ́ sídìí pátákó, ó pinnu pé awakọ̀ kan, ìrìn kan lọ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni tó bá yọjú kò ní padà lọ́wọ́ òfo. Inú gbogbo èèyàn dùn sí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti di bí nǹkan ṣe rí.

Láti ọjọ́ yẹn, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí òkè gbogbo ìwé tó bá fẹ́ ṣe: *Ta ló sọ?* Lọ́jọ́ kejì, ó gba mẹ́tàdínlógún nínú mẹ́tàlélógún, torí pé ẹ̀rù òfin tí kò sí mú kó fo àwọn tó wà. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gba ogún.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Duane Haskell pè é sí ọ́fíìsì.

Haskell ni máníjà gáráàjì, ẹni ọdún méjìdínlógójì. Rosalind ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka pátákó nígbà tó dé. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí wàhálà bá dé, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa ń gbé e kọ́ lọ́rùn.

"Ọ̀rọ̀ ìsinmi tó o gbà fún Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí," ó ní. "Kò ní ṣeé ṣe o, Roz."

"Oṣù kẹrin lo ti fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa dípò rẹ ṣubú lórí àkàsọ̀ lánàá. Ọwọ́ rẹ̀ kán, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dì í. Ọjọ́bọ̀ yẹn sì ni ilé-ìwé mẹ́ta ń kó àwọn ọmọ lọ sí etí adágún. Awakọ̀ mẹ́ta ti lọ nìyẹn. O ò lè yí ìdánwò náà sí ọjọ́ mìíràn?"

"Gbogbo àyè tó kù ti kún. Mo wò ó láàárọ̀ yìí pàápàá."

"Oṣù kẹjọ ńkọ́?"

"Ní oṣù kẹjọ, kò sí eré mọ́. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ti gbé àyè mi fún ẹlòmíì. Duane, mo ti sọ èyí fún ọ lẹ́ẹ̀mẹta."

Haskell nu ojú rẹ̀. "Bá mi wá ẹni tó máa jókòó sídìí rédíò. Kó o sì bá mi wá awakọ̀ fún gbogbo ìrìn ọ̀sán. Tí ọ̀kan bá ṣófo, o ò lọ. Mi ò lè fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ẹnu géètì ilé-ìwé."

Ti rédíò kò le. Tibbs ti jókòó sídìí rẹ̀ nígbà tí òjò dídì dí ọ̀nà lọ́dún méjì sẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ. Ṣùgbọ́n bí Tibbs bá wà nídìí rédíò, ta ni yóò wa bọ́ọ̀sì Tibbs? Ìrìn tirẹ̀ ń gbéra ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti gáráàjì, láti lọ kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Rosalind yà á sórí ìwé bí eré. Ìrìn wà ní òkè, orúkọ awakọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́. Ó to wọ́n, ó tún wọn tò. Gbogbo ìgbà ni ìrìn kan ń ṣófo. Ó gbé ti ibí lọ sí tọ̀hún, ihò náà kàn ń sún káàkiri ni, kò dí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe Tibbs lórí fóònù, ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"O ti fi bírò pupa wò ó?"

"Kì í ṣe ìdánwò lèyí, Ọgbẹ́ni Tibbs."

"Mo mọ ohun tó jẹ́. O ti fi pupa wò ó?"

Ní Ọjọ́ Àìkú, nígbà tó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì bọ́ bàtà kó tó jókòó sí tábìlì ìdáná. Ó mú bírò pupa. Sábẹ́ ìrìn tó ṣófo, ó kọ orúkọ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí kò fi lè ṣe é, gbólóhùn kan fún ẹnì kan. Ẹni yìí ṣì wà lójú ọ̀nà ní aago mẹ́ta. Ẹni yẹn wà ní etí adágún. Nígbà tó kan Glenda Oslund, tó ń kó àwọn ọmọ jẹ́léósinmi sílé ní ọ̀sán, ó kọ ọ́ pé: *Glenda ti ní ìrìn tirẹ̀.*

Ó wo gbólóhùn náà títí. Glenda máa ń padà dé gáráàjì kí aago méjì tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ló ń lọ.

Ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà nínú àpótí lórí fìríìjì. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú páálí kékeré kan tó fi ń bo ìlà tí kò tíì dé, kí ojú rẹ̀ má baà fò. Kò rí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé awakọ̀ kò lè ṣe ìrìn méjì lọ́sàn-án. Ohun tó rí wà ní abala kẹrìnlá: *Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbéra fún ìrìn kejì àyàfi tí ogún ìṣẹ́jú bá ti kọjá lẹ́yìn tó wọ gáráàjì láti ìrìn àkọ́kọ́.*

Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun kà á sókè. G kò gbọ́dọ̀ ṣe ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó gbé ìwé náà síwájú Haskell.

"Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìrìn méjì lọ́sàn-án níbí," Haskell ní.

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìwọ lo kọ́ mi."

"Èmi ni. Mo ṣì ọ́ kọ́. Ka abala kẹrìnlá."

Ó kà á. Ó yí ojú ìwé padà wò bóyá ohun mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ogún ìṣẹ́jú. Glenda gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tí aago méjì bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn, ó pẹ́ tán. Mo ti rí i tó wọlé lẹ́yìn ìyẹn."

"Ẹ̀ẹ̀mejì nínú oṣù tó kọjá. Mo ti wo ìwé àkọsílẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó láti bà mí jẹ́." Ó dá ìwé náà padà. "Ẹ dán an wò ní Ọjọ́rú. Tibbs á wà nídìí rédíò, Glenda á ṣe ìrìn méjèèjì, ìwọ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó bá bọ́ sí i, o lọ ní Ọjọ́bọ̀. Tí kò bá bọ́ sí i, jọ̀ọ́, má wá bá mi jà."

Wọ́n lọ bá Glenda Oslund níbi tó ti ń gbá ilẹ̀ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Rosalind ṣàlàyé, ó sì bẹ̀ ẹ́.

Glenda fẹ̀yìn ti ìgbálẹ̀. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń lọ sílé ní aago méjì, èmi àtàwọn ológbò á máa wo ara wa. Mo rò pé ẹ ti kà á léèwọ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò béèrè?"

"Ta ni mo fẹ́ bi? Ìwọ tó o kà á léèwọ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ padà. "Màá ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ àwọn ọmọ tó ń kọrin. Orin ti tó mi pẹ̀lú àwọn kékeré wọ̀nyí."

"Àwọn tèmi kì í kọrin," Tibbs ní. "Wọ́n á ti sùn kó o tó dé kọ́nà."

Lánàá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Rosalind kò ṣe ju eré méjì lọ. Láàárọ̀ òní, Ọjọ́rú, ó ṣe odindi ìpín eré kan, Tibbs ka aago fún un fún ìgbà ìkẹyìn. Mọ́kànlélógún nínú mẹ́tàlélógún. Nínú méjì tó sọnù, kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe àtijọ́. Ìlà kan ló fò. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun lè kan 155, òun sì lè fi ẹyọ kan ṣì í. Lẹ́yìn náà ló gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, jìnnà sí rédíò, ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Glenda gbéra. Haskell dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nǹkan kan lórí rédíò ju orúkọ òpópónà lọ. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì, ohùn Glenda wọlé.

"Ọgbẹ́ni Tibbs, mo ti já ọmọ ìkẹyìn sílẹ̀. Rélùwéè ti dábùú ọ̀nà níwájú mi. Ẹlẹ́rù ni. Mi ò rí ìdí rẹ̀."

Rosalind dìde dúró.

"Jókòó," Haskell ní.

Ó jókòó. A mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń gbọ́ rélùwéè yẹn ní àkókò yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa ń gbà. Kí Glenda dúró. Bí ó bá yí padà gba òpópónà kejìlá, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni yóò fi kún ìrìn rẹ̀, bóyá méje. Ó fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Tibbs na ọwọ́ sí rédíò, kò tíì tẹ̀ ẹ́, ó ń wo máàpù tó wà lára ògiri.

"Ó ń rìn àbí ó ń fà?" ó béèrè.

"Ó ń fà."

"Yí padà. Gba òpópónà kejìlá. Má sáré."

Rosalind pa ojú dé. Haskell wo fóònù rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn awakọ̀ tó wọlé wá gbé kọfí rí ojú wọn, ó fi kọfí sílẹ̀, ó padà síta. Aago ara ògiri dé aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dé ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje, Tibbs tẹ rédíò, ó ní, "Níbo lo wà?" Glenda ní, "Iná pupa tó kẹ́yìn." Iná pupa yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó lè fi èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀ títí irun rẹ̀ á fi funfun.

A kọ́kọ́ gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì náà kí a tó rí i. Ó wọ géètì, àwọn táyà rẹ̀ kọjá lórí ìlà tí wọ́n kùn sílẹ̀.

Haskell gbé fóònù sókè. "Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà," ó ní. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìṣẹ́jú kan."

"Ìṣẹ́jú kan ju ohun tí ìwé ń béèrè lọ," Tibbs ní.

Glenda sọ̀kalẹ̀, ó lọ sí ilé ìtọ̀, ó mu omi, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì Tibbs títí tí aago méjì fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì gbéra. Haskell tún fọwọ́ sí ìwé ìsinmi Rosalind lórí ògiri, torí kò sí tábìlì nítòsí. Awakọ̀ kan tó wọlé ní aago mẹ́ta sọ fún wa pé rélùwéè ẹlẹ́rù yẹn dúró lójú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó kọjá tán. Rosalind gbọ́ ọ. Ó wo Tibbs.

"Ǹ bá ní kó dúró," ó ní.

"Mo mọ̀. Mo rí bí o ṣe fò dìde."

Kó tó lọ sílé, ó to pátákó Ọjọ́bọ̀. Ó kọ orúkọ Glenda Oslund sí ibi méjì. Lẹ́yìn náà ló gbé aṣọ ìnuwọ́ lọ sí òkè pátákó, níbi tí orúkọ tirẹ̀ ti wà láti ọdún mẹ́jọ. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé kò tètè pa rẹ́. Ó fi omi sí aṣọ náà, ó nù ún lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ TIBBS síbẹ̀. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ibòmíràn.

Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ó gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìdánwò ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ àti pẹ́ńsùlù méjì. Ní aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, wọn yóò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.